Ẹ̀rọ Atohùn àti Orin tí ń Yí Padà

Kò sí ohun tí ó tètè ń sú etí ọmọ ènìyàn bí orin kan náà tí a ń kọ ní àkọtúnkọ, tí kò fi ibì kan yàtọ̀ sí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, etí yìí kan náà kì í gbádùn orin tí ohunkóhun kì í padà wá nínú rẹ̀, nítorí pé kò rí ibi tí yóò fi ẹ̀yìn tì. Láàrin àpadàbọ̀ àti ìyípadà ni gbogbo ẹni tí ń ṣe orin ti ń wá ọ̀nà láti ìgbà pípẹ́ wá. Àwọn onílù dùndún mọ èyí dájú: gúdúgúdú yóò máa ké bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ òde títí dé òpin rẹ̀, ìyáàlù ni yóò sì máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ bí ó ti wù ú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ni yóò ṣe orin náà ńkọ́, ẹ̀rọ tí kò mọ̀ ju ohun tí a bá fi sí i nínú lọ? Báwo ni orin rẹ̀ yóò ṣe máa yí padà, tí kò fi ní sú olùgbọ́? Ẹ̀rọ kan wà tí àwọn Òyìnbó ń pè ní step sequencer. A lè pè é ní ẹ̀rọ atohùn ní èdè Yorùbá, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti to ohùn ní ẹsẹẹsẹ. Lọ́dọ̀ àwọn tí ń lo ẹ̀rọ yìí ni ìdáhùn kan tí ó dára gan-an sí ìbéèrè náà ti wá.

Ojú ẹ̀rọ atohùn dàbí ewé ìwé ìṣirò tí a ti fi ìlà pín sí ojúlé kéékèèké. Àwọn ojúlé tí ó tẹ̀lé ara wọn ní ìbú, láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, dúró fún àkókò: ìṣísẹ̀ kìíní, ìkejì, ìkẹta, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí ó wà ní òró, láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè, dúró fún gíga ohùn: èyí tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni ohùn tí ó rẹlẹ̀ jù, èyí tí ó wà lókè téńté ni ohùn tí ó ga jù. Bí a bá fi ìka tẹ ojúlé kan, iná yóò tàn níbẹ̀. A ti gbin ohùn kan síbẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a lè fi ohun tí ń ṣẹlẹ̀ wé ọdẹ tí ń ṣọ́ àdúgbò lóru. Ọdẹ náà yóò máa rìn láti ojúlé dé ojúlé, ìṣísẹ̀ rẹ̀ yóò sì dọ́gba. Ibi tí ó bá ti rí iná, yóò ké. Ibi tí ó bá ṣókùnkùn, yóò kọjá láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí ó bá dé òpin àdúgbò, kò ní sinmi rárá. Ojúlé kìíní ni yóò tún ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ìlú San Francisco ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ atohùn tí ó kọ́kọ́ lókìkí ti jáde, àìní ni ó sì bí i. Ní 1962, Ramon Sender àti Morton Subotnick dá ilé-iṣẹ́ orin kan sílẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n pè ní San Francisco Tape Music Center. Orin téèpù ni iṣẹ́ wọn. Wọn a gba oríṣìíríṣìí ìró sílẹ̀ sórí téèpù, wọn a fi abẹ gé téèpù náà wẹ́wẹ́, wọn a sì lẹ àwọn ègé rẹ̀ pọ̀ ní ọ̀nà mìíràn títí tí ìró yóò fi di orin. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni. Bí téèpù bá ń sáré ní ínṣì 15 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, ohùn tí ó gba ìdá kan nínú mẹ́jọ ìṣẹ́jú-àáyá kò gùn tó ínṣì 2 lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí irú ohùn bẹ́ẹ̀ 100 tẹ̀lé ara wọn ní láti gé ègé 100, kí ó sì lẹ̀ wọ́n pọ̀ ní ojú 99. Orin gbogbo iṣẹ́ yìí kò ju ìṣẹ́jú-àáyá méjìlá àti ààbọ̀ lọ. Bí ó bá sì wá gbọ́ ọ tí kò dùn, kò sí ohun tí ó kù fún un ju kí ó tún abẹ mú lọ.

Àwọn méjèèjì wá tọ Don Buchla lọ, ẹni tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì tí ó sì mọ iṣẹ́ iná mànàmáná dunjú. Dọ́là 500 láti inú owó ìrànlọ́wọ́ tí Rockefeller Foundation fún ilé-iṣẹ́ wọn ni wọ́n fi bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ẹ̀rọ tí ó ṣe fún wọn ní àárín àwọn ọdún 1960 kò ní ojú dùùrù funfun àti dúdú tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Oríṣìí ẹ̀rọ atohùn méjì ni ó wà lára rẹ̀, ọ̀kan ní ìṣísẹ̀ 8, èkejì ní 16. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní kókó mẹ́ta tí a lè fi ọwọ́ yí, kókó kọ̀ọ̀kan sì ń pinnu ìwọ̀n agbára iná tí yóò jáde nígbà tí ó bá kan ìṣísẹ̀ náà. A lè mú agbára iná ti kókó kìíní láti darí gíga ohùn, kí a mú ti ìkejì láti darí bí yóò ti le tó, kí a sì mú ti ìkẹta láti darí bí yóò ti pẹ́ tó. Ohun tí abẹ àti gọ́ọ̀mù ń fi ọjọ́ púpọ̀ ṣe ti wá di ohun tí ẹni tí ń yí kókó lè gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Ní 1966, Subotnick kó lọ sí New York. Ibẹ̀ ni ó ti fi ẹ̀rọ Buchla ṣe iṣẹ́ kan tí ilé-iṣẹ́ àwo Nonesuch bẹ̀ ẹ́ ṣe, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Silver Apples of the Moon, tí ó jáde ní 1967 tí ó sì gba ojú àwo méjèèjì.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ yìí ti mú ìnira kan kúrò ni ó mú òmíràn wá. Ní ìwọ̀n ìyára tí ó wọ́pọ̀, ọdẹ wa a máa gbé ìṣísẹ̀ 480 láàrin ìṣẹ́jú kan. Bí ojúlé bá jẹ́ 16, ìṣẹ́jú-àáyá 2 péré ni yóò fi yí àdúgbò ká. Nígbà tí ìṣẹ́jú kan bá fi pé, olùgbọ́ ti gbọ́ orin kan náà ní ọgbọ̀n ìgbà. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti ọmọdé tí ń lu agolo mọ bí èyí ti ń rí. Ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ènìyàn ni pé kí a fi ojúlé kún ojúlé, kí a sọ 16 di 32 tàbí 64. Èyí kò ṣe ju pé ó sún ìnira náà síwájú díẹ̀ lọ. Orin tí ó padà wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 8 ṣì jẹ́ orin kan náà. Ọ̀nà tí ó dára jù kò fi ohùn kan ṣoṣo kún ohùn tí ó wà nílẹ̀. Ohun tí ó ṣe ni pé ó la òpópónà méjì dípò ọ̀kan, ó fi ọdẹ kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì jẹ́ kí iye ojúlé tí ó wà ní òpópónà méjèèjì dọ́gba.

Ọjà ọrọọrún tí a ń ná ní ilẹ̀ Yorùbá lè la ọ̀rọ̀ yìí yé akẹ́kọ̀ọ́ ju ìṣirò lọ. Nínú ìṣirò àwọn àgbà, ọjọ́ ọjà tí a ná àti ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀ ni a jọ ń kà pọ̀ kí ó tó di márùn-ún. Nítorí náà ọjọ́ mẹ́rin ni ó wà láti ọjà kan dé èkejì. Ọ̀sẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí sì jẹ́ ọjọ́ méje. Bí ọjà bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, èyí tí ó tẹ̀lé e yóò bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn náà ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ Àbámẹ́ta àti Ọjọ́rú, kí ó tó tún bọ́ sí ọjọ́ Àìkú nígbà tí ọjọ́ 28 bá pé. Ọjà kò yẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ kò yẹ̀. Ìpàdé àwọn méjèèjì ni kò dọ́gba. Ìyá alátẹ tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ mọ èyí lára, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan nínú ọjà méje ni ọjà àti ìsìn máa ń kọlu ara wọn mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni a ṣe ń mú ẹ̀rọ atohùn ṣiṣẹ́. Kí a mú òpópónà kìíní fún gíga ohùn nìkan, kí a sì fi ojúlé 5 sí i: dò, mi, re, sọ, la. Kí a mú òpópónà kejì fún kíké àti dídákẹ́ nìkan, kí a sì fi ojúlé 8 sí i, kí iná tàn ní ìkíní, ìkẹrin àti ìkẹfà. Ọdẹ méjèèjì yóò gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, ìṣísẹ̀ wọn yóò sì dọ́gba. Nígbà tí ọdẹ kejì bá bá iná pàdé, ohùn tí ọdẹ kìíní bá wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lákòókò náà ni yóò dún. Ní ìrìn àkọ́kọ́ yí òpópónà kejì ká, a ó gbọ́ dò, sọ, dò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdẹ kejì bá parí ojúlé 8 rẹ̀, ọdẹ kìíní ti parí 5, ó sì ti wọ 3 sí i, nítorí náà kì í ṣe dò ni yóò wà nígbà tí ìrìn kejì bá bẹ̀rẹ̀. Ìrìn kejì yóò dún ní sọ, mi, sọ. Ìkẹta ní mi, la, mi. Ìkẹrin ní la, re, la. Ìkarùn-ún ní re, dò, re. Lẹ́yìn èyí ni àwọn méjèèjì yóò tó tún pàdé níbi tí wọ́n ti gbéra, lẹ́yìn ìṣísẹ̀ 40.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yìí dáadáa. Ohùn 5 àti iná 3 ni a fi sínú ẹ̀rọ, kò sí ohun mìíràn. Kò sí ẹni tí ó jókòó kọ sọ, mi, sọ tàbí la, re, la sílẹ̀. Síbẹ̀ orin márùn-ún ni ó jáde, gbogbo wọn sì jọ ara wọn bí ọmọ ìyá. Ìlù wọn kò yí padà, ohùn ìkíní àti ìkẹta inú ìrìn kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ọ̀kan náà. Ìdí rẹ̀ ni pé láti iná kìíní dé iná ìkẹfà jẹ́ ìṣísẹ̀ 5, èyí tí í ṣe ìrìn kan pípé fún ọdẹ kìíní. Bí a bá pa iná ìkẹfà, tí a sì tan ti ìkeje, ìjọra yẹn yóò parẹ́, orin márùn-ún mìíràn yóò sì dìde. Ohun tí ẹni tí ń ṣe orin báyìí ń ṣe gan-an ni pé ó ń ṣe òfin, òfin náà ni ó sì ń bí orin.

Yíyan iye ojúlé gba ọgbọ́n, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí ti ń ṣìnà. Bí òpópónà kan bá ní ojúlé 8 tí èkejì ní 16, ìṣísẹ̀ 16 ni ohun gbogbo yóò fi padà sí ipò rẹ̀, nítorí pé 8 wọ inú 16 láìṣẹ́kù. Bí a bá lo 12 àti 16, ìṣísẹ̀ 48 ni. Ṣùgbọ́n bí a bá lo 15 àti 16, tí kò sí nọ́mbà kan tí ó lè pín àwọn méjèèjì àfi 1, ìṣísẹ̀ 240 ni, èyí tí í ṣe ààbọ̀ ìṣẹ́jú ní ìwọ̀n ìyára tí a ti sọ. Bí òpópónà bá sì jẹ́ mẹ́ta, tí wọ́n ní ojúlé 11, 13 àti 16, ìṣísẹ̀ 2,288 ni wọn yóò rìn kí wọ́n tó tún pàdé. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Gbogbo ojúlé tí ó wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ju 40 lọ.

Àwọn ọ̀nà mìíràn tún wà. A lè ní kí ọdẹ kan máa fi ẹ̀yìn rìn nígbà tí èkejì ń lọ síwájú. A lè dín ìyára ọ̀kan kù sí ìdajì. Ẹ̀rọ mìíràn tilẹ̀ wà tí ó lè ṣẹ́ gègé: a ó sọ fún un pé kí ojúlé kan máa ké lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́rin, kò sì sí ẹni tí yóò mọ ìgbà tí yóò ké. Ọ̀nà gègé yìí rọrùn púpọ̀, ìrọ̀rùn rẹ̀ sì ni ewu rẹ̀. Ohun tí a fi gègé yí padà kì í rántí ibi tí ó ti wá, ṣùgbọ́n ọjà ọrọọrún kì í gbàgbé ọjọ́ rẹ̀, ó kàn ń bá ọjọ́ mìíràn pàdé ni. Ẹni tí ó bá fi gègé sí gbogbo ojúlé yóò rí i pé ẹ̀rọ rẹ̀ ń pariwo lásán.

Nítorí náà ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń jẹ́ kí ohun kan dúró gbọn-in láìyẹsẹ̀, kí ìyókù tó máa rìn. Ìlù agogo kan wà tí àwọn Yorùbá mọ̀ dáadáa, tí ó gba ìṣísẹ̀ 12, tí a sì ń lu agogo ní ìgbà 7 nínú wọn: ní ìkíní, ìkẹta, ìkarùn-ún, ìkẹfà, ìkẹjọ, ìkẹwàá àti ìkejìlá. Anthony King kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ìlò rẹ̀ nínú orin Yorùbá ní 1960. A sì ń gbọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn Ewe ní Ghana àti Togo, àti ní Cuba pẹ̀lú. Bí a bá tan iná sí ojúlé méje yìí lórí ẹ̀rọ, tí a kò sì fọwọ́ kàn án mọ́, tí a wá jẹ́ kí òpópónà ohùn olójúlé 5 máa rìn lábẹ́ rẹ̀, agogo yóò yí ká ní ìgbà 5, orin tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ yóò sì yàtọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ìgbà náà. Etí yóò di agogo mú, yóò sì ní ìfọ̀kànbalẹ̀ láti tẹ̀lé ohun tí ń yí padà. Yíyan ohùn pàápàá ń ṣe ìrànlọ́wọ́ níhìn-ín. Nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè mọ gbogbo ohùn tí yóò bá ara wọn pàdé, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa yan ohùn márùn-ún bí ti òkè yìí, dò, re, mi, sọ àti la, tí kò sí méjì nínú wọn tí ó súnmọ́ ara wọn débi tí wọn yóò fi máa jà.

Ẹ̀rọ atohùn ti rìn jìnnà láti ìgbà kókó yíyí ti Buchla. Ní 1980, ilé-iṣẹ́ Roland ti ilẹ̀ Japan gbé ẹ̀rọ ìlù TR-808 jáde, tí bọ́tìnnì 16 tò sí iwájú rẹ̀, ọ̀kan fún ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní 2007 ni Tenori-on jáde, èyí tí Toshio Iwai, ọmọ ilẹ̀ Japan, ṣe pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Yamaha, tí a sì kọ́kọ́ tà ní Ìlú Ọba. Férémù onígun mẹ́rin ni, tí a ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú, tí ó ní ojúlé 16 ní ìbú àti 16 ní òró, èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 256, iná sì wà lábẹ́ gbogbo wọn. Iná náà ń hàn lẹ́yìn bí ó ti ń hàn níwájú, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ó jókòó síwájú olórin fi ń rí orin bí wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Lónìí, irú ojú bẹ́ẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà àti fóònù.

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹni tí ẹ̀rọ ń bá ṣe orin kò ṣe iṣẹ́ kankan. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni náà tan iná mẹ́rin tí ó sì lọ sùn, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kì í kúrò nídìí ẹ̀rọ. Yóò máa gbọ́; nígbà tí ó bá kíyè sí i pé etí ti ń mọ ibi tí orin ń lọ, yóò pa iná kan, yóò tan òmíràn, tàbí kí ó yọ ojúlé kan kúrò nínú òpópónà kan. Kò ní yí ohun méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà, kí olùgbọ́ má baà ṣìnà. Subotnick pàápàá kò fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí kókó, òun ni ó sì ń yan èyí tí yóò kù lórí téèpù nínú gbogbo ohun tí ó gbà sílẹ̀.

Kíláàsì tí kò ní ẹ̀rọ rárá lè dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún dúró yí ká, kí a sì fún wọn ní orúkọ dò, mi, re, sọ àti la. Kí òkúta kékeré kan máa ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ti èkejì ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn ìyókù máa ka oókan dé ẹẹ́jọ, kí wọ́n sì máa pàtẹ́wọ́ ní oókan, ẹẹ́rin àti ẹẹ́fà. Ẹni tí òkúta bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí àtẹ́wọ́ bá dún ni yóò kọ ohùn tirẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣìkà, ìṣísẹ̀ 41 ni òkúta yóò tún bá dò pàdé ní oókan. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kẹfà wá wọ inú agbo, kí ó dúró lẹ́yìn la, kí a sì fún un ní dò kékeré tí ó wà lókè. Ọ̀pọ̀ yóò rò pé orin náà yóò gùn sí i, nítorí pé agbo ti tóbi sí i. Ìṣísẹ̀ 24 péré ni yóò fi padà sílé. Kí ẹnì keje tún wọlé, yóò sì di 56.